Àga Olùkọ́ Àkọ́kọ́ àti Ọ̀gá Má-fọwọ́-kàn-án

Ẹ fún mi láyè kí n fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mi ò kórìíra ọkùnrin náà o. Ká ní mo kórìíra rẹ̀ ni, mi ò ní máa rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé kékeré kan, tí wọ́n wá ń rìn bí ẹni tó ni gbogbo ayé, ti sú mi pátápátá. Bí mi ò bá sọ ọ́ jáde, àfàìmọ̀ kí inú mi má wú.

Ọ̀gá ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ọ̀gá fún. Ọkùnrin tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láyé ìgbà kan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Olùkọ́ Àkọ́kọ́, ló kọ́ ilé náà, kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí ibi tí wọ́n á ti máa wo iṣẹ́ ọnà kí wọ́n sì máa fi kọ́ ọwọ́ ara wọn. Yàrá mẹ́ta ni, wọ́n ṣí sínú ara wọn. Ilẹ̀ pákó rẹ̀ máa ń ké bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, fèrèsé rẹ̀ sì ga débi pé orí àkàbà ni wọ́n ti ń nù ún. Ère wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, ìkòkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni àga kan tó wà láàárín yàrá kejì. Olùkọ́ Àkọ́kọ́ àti àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ kọ́ ló jọ gbẹ́ ẹ. Ère àwọn ọmọ kéékèèké tó di ara wọn lọ́wọ́ mú ló wà lẹ́yìn àga náà, apá rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ wọnú bí apá ẹni tó fẹ́ gbá ọmọ mọ́ra. Olùkọ́ Àkọ́kọ́ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe àga náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Ọ̀gá tiwa kò tín-ín-rín.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, kò béèrè ohun tó wà nínú ilé náà. Pátákó ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ tó wà lára gbogbo wọn kò sì ju ọ̀kan lọ: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Wọ́n fi sára ère. Wọ́n fi sábẹ́ àwòrán. Wọ́n fi sára fèrèsé, wọ́n fi sára garawa obìnrin tó ń gbá ilẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi sára ìlẹ̀kùn àbáwọlé, tó fi jẹ́ pé àwọn àlejò tó gbọ́ràn máa ń dúró síta títí ẹnì kan tó wà nínú ilé á fi ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Má-fọwọ́-kàn-án. Nígbà tí ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oyè ni.

Òfin tún bí òfin. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá mú kí ó fọwọ́ kan nǹkan gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Lọ́jọ́ kan, sẹ́kúríìtì tó ń ṣọ́ yàrá kejì fi èjìká ti ògiri díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọ̀gá ní kí ó lọ dúró sínú oòrùn kí ó ronú nípa ohun tí ògiri náà ṣe fún un. Láti ìgbà náà, bí sẹ́kúríìtì bá ti gbọ́ òfin, ó di dandan kí ó pa á mọ́. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn.

Olùkọ́bìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán. Anti Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é. Kí Ọ̀gá tó dé, ó máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n á jókòó sílẹ̀ pákó, wọ́n á máa ya ohun tí ojú wọn bá rí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn àga, bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá rí i. Ó lé Anti Ayàwòrán àti kíláàsì rẹ̀ jáde, ó ní wọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Ó wá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí akọ̀wé rẹ̀ kọ gàdàgbà-gàdàgbà, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ìlẹ̀kùn yàrá kejì:

“Àga yìí ju gbogbo wa lọ. Bí iná bá ń jó ilé yìí, tí èmi àti àga yìí jọ wà nínú rẹ̀, àga ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.”

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ sọ fún mi pé òun pàtẹ́wọ́ nítorí òun rò pé iná náà ti ń bọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa akọ̀wé yìí díẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ẹni tó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì òun ni. Ó ti ṣàkíyèsí pé ohun kan ṣoṣo ló ń ba Ọ̀gá lọ́kàn jẹ́: ikùn rẹ̀. Nílé, ìyàwó Ọ̀gá kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. “Bàbá àwọn ọmọ,” á ní, “ẹ rọra o, bọ́tìnnì yìí ń sunkún.” Ọ̀gá á fajú ro, á sì jáde nílé láìdágbére. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ibi iṣẹ́, ara tù ú. Akọ̀wé ti ń dúró de é lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Akọ̀wé á ní Ọ̀gá tún ti fúyẹ́ sí i. Obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ á ní òun kò dá Ọ̀gá mọ̀ mọ́. Sẹ́kúríìtì á ní kí Ọ̀gá rọra nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lónìí. Ọ̀gá á wá fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀, á sì béèrè tíì àti búrẹ́dì olómi ṣúgà, nítorí ẹni tó ń rù gbọ́dọ̀ tọ́jú ara rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ọ̀gá àgbà tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà lápapọ̀ fi fẹ̀yìn tì. Ìròyìn kàn pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ ìrántí ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á yí gbogbo ọgbà ká, wọ́n á sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá láti gba ipò náà. Ọ̀gá Má-fọwọ́-kàn-án kò gbádùn oúnjẹ mọ́, tàbí kí n sọ òtítọ́: ó ń jẹ ẹ́ láìgbádùn rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti kó lé ipò yìí. Ó ti yan ọ́fíìsì tí yóò wó ògiri rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa mi orí.

Ó wá rò ó títí, ó rí i pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí yóò mú ìgbìmọ̀ gbà. Bí wọ́n bá ṣe wọ yàrá kejì, kí wọ́n bá òun lórí àga Olùkọ́ Àkọ́kọ́, nínú gáùn àrán pupa, kí ó dà bíi pé Olùkọ́ Àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ló jí dìde. Akọ̀wé ní ọgbọ́n yìí ju ọgbọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ òfin nìkan ló kù. Ọ̀gá kọ ìwé àṣẹ fún ara rẹ̀, ó bu ọwọ́ lù ú, ó gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Àṣẹ náà sọ pé Ọ̀gá lè jókòó sórí àga náà, bí ó bá ti wọ ìbọ̀wọ́.

Akọ̀wé mú téèpù aránṣọ wá. Ó wọn inú àga. Lẹ́yìn náà ó wọn ìbàdí Ọ̀gá, ó wo téèpù, ó tún un wò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ọkùnrin náà dáadáa. Ó rí òtítọ́ lójúkojú, ó rí i lórí téèpù, ó sì tún rí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí. Ó ká téèpù náà kíákíá.

“Ọ̀gá,” ó ní, “àyè á tiẹ̀ ṣẹ́kù fún ìrọ̀rí.”

“Ẹ fi ìrọ̀rí kan sẹ́yìn mi nígbà náà,” ni Ọ̀gá wí.

Akọ̀wé fẹ́ sọ pé kí wọ́n dán an wò ná. Ọ̀gá ní ẹni tó ń dán ìtẹ́ wò kò yẹ fún un. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti fọ fèrèsé, wọ́n ti fi epo pa ilẹ̀ pákó. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti kọrin ìyìn, pẹ̀lú Anti Ayàwòrán wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí àwọn ọmọ náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Òfin tí wọ́n fún wọn ni pé kí gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn títí ètò yóò fi parí. Ọ̀gá wọlé nínú gáùn àrán tó ń gbá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ìyẹn kan ṣoṣo tó kù nílé, nítorí wọ́n ti kó ìyókù lọ fún alágbàfọ̀ kí wọ́n lè funfun fún ọjọ́ náà. Wọ́n ki ìrọ̀rí sẹ́yìn àga. Ọ̀gá yí ẹ̀yìn padà, ó sì jókòó.

Kì í ṣe pé ó jókòó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dé ìdajì, ó dúró. Ó mí síta, ó tún wọlé díẹ̀. Àga náà ké. Lẹ́yìn náà ó kàn rì, gbogbo rẹ̀ wọlé. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n lára bí apá àga ṣe dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì rò pé ọlá ló ń rí báyẹn lára.

Ìgbìmọ̀ wọlé. Alága wọn ló ṣáájú, ìyá àgbà kan tó ń tẹ̀pá, tí òun náà ti kàwé nílé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn ọmọ kọrin. Ọ̀gá la ẹnu.

“Ẹ̀yin òpó tí ilé ìmọ̀ dúró lé,” ó ní, “ẹ̀yin àtùpà tí òkùnkùn ń sá fún, èmi ìránṣẹ́ yín, tí mo kéré bí eruku, ṣùgbọ́n eruku tí a kò gbọdọ̀ gbá, mo kí yín káàbọ̀.”

Ó sọ̀rọ̀ títí dé ibi tí ìwé rẹ̀ ti sọ pé kí ó dìde, kí ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé Alága lọ́wọ́. Ó gbé ara. Àga bá a dìde. Ó jókòó padà, ilẹ̀ pákó dún. Ó tún gbé ara, àga tún tẹ̀ lé e bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ. Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó ronú kíákíá pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò retí pé kí òun dìde. Ó bá tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ilé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òrùlé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákò, ó tún padà dúpẹ́ lọ́wọ́ òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ti sùn lórí ìdúró. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ tán nínú Ọ̀gá, bí omi ṣe ń tán nínú ìkòkò.

“Ẹ ṣeun,” ni Alága wí. “Ẹ dìde ká lọ wo yàrá kẹta.”

Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀. Alága kò lọ. Ọ̀gá fi ojú pe akọ̀wé, ó sì sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ó fa òun. Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo pátákó, ó sì rántí pé òun kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó pe sẹ́kúríìtì. Sẹ́kúríìtì náà kò ní ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó wà nílé, ọwọ́ Ọ̀gá ló wà. Sẹ́kúríìtì bá bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ̀ ọ́, ó sì dúró.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ yín wà lára àga. Ìhòòhò ni.”

Kò fi ṣe àwàdà. Ẹni tí ògiri ti mú dúró nínú oòrùn rí kì í fi òfin ṣeré. Ọ̀gá wò ó, ó wo Alága, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó nà wọ́n sójú òfuurufú bí ẹni tí olè ká mọ́. Sẹ́kúríìtì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ó fà á lọ síwájú, àga bá a lọ. Ó fà á lọ sápá ọ̀tún, àga bá a yí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yí yàrá náà ká tán kí Alága tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, tó ní kí wọ́n dúró kí wọ́n má baà ṣẹ́ àga.

Ìbínú ru sókè lọ́kàn Ọ̀gá nígbà tó gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ti dé ọrùn rẹ̀, ipò ọ̀gá àgbà sì ń fò lọ níṣojú rẹ̀.

“Ẹ pe káfíńtà,” ó ní. “Kí ó fi ayùn rẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì.”

“Apá kí ni?” ni Alága bi í.

“Ti àga yìí, Mà. Igi lásán ni. Wọ́n á ṣe òmíràn.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin bó bá balẹ̀. Alága gbé ojú sókè, ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè ìlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ nípa iná àti àga, ó kà á ketekete títí dé orúkọ Ọ̀gá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn.

“Ọmọ tó wà lápá òsì pátápátá, tí ìrọ̀rí yín bò mọ́lẹ̀ yẹn,” ó ní, “èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ gé mi níka níbẹ̀. Olùkọ́ ló di ọgbẹ́ náà fún mi.”

Ọwọ́ Ọ̀gá ṣì wà lókè.

Alága yíjú sí Anti Ayàwòrán, ó béèrè ohun tí ó rò pé kí àwọn ṣe. Anti ní kí wọ́n má rẹ́ nǹkan kan. “Ṣebí gbogbo ilé yìí ló ń sọ pé Ọ̀gá ń fúyẹ́ lójoojúmọ́,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká dúró dè é.” Ó wá tọrọ ààyè pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń dúró, kí àwọn ọmọ òun kúkú ya àwòrán, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Alága gbà. Ọwọ́ kúrò lẹ́yìn, pẹ́ńsù jáde, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ pákó yí Ọ̀gá ká. Anti bẹ Ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ó má mira.

Akọ̀wé, tí imú rẹ̀ máa ń gbọ́ òórùn ibi tí agbára bá ń lọ, ti já ìwé kékeré kan. Ó kọ ọ́ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ nínú ilé náà, ó sì gbé e síwájú àga: “Igi, aṣọ àrán, àti ọ̀gá.”

Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe jókòó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, àwọn ènìyàn ń wò ó láìsí pé wọ́n ń yìn ín. Ojú àwọn ọmọ náà á lọ sára rẹ̀, á padà sórí ìwé, wọn kò fi kún un, wọn kò yọ kúrò. Ó mú un lọ́kàn ju bí ó ṣe rò lọ. Ó rọra béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jókòó sún mọ́ ọn jù bóyá òun rí dáadáa. Ọmọ tó fọwọ́ kan àga níjọ́sí ni.

“Ẹ sanra, sà,” ni ọmọ náà wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ó tún wò ó. “Ṣé kí n ya ìrọ̀rí yẹn náà?”

Ìrọ̀rí. Gbogbo wọn ti gbàgbé rẹ̀. Òun ló ti Ọ̀gá síwájú sí ibi tí apá àga ti há jù. Sẹ́kúríìtì fi ìbọ̀wọ́ fà á yọ, wọ́n ránṣẹ́ pe olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán, ó tú ojú-rírán gáùn àrán, Ọ̀gá mí gbogbo èémí rẹ̀ síta, ó sì yọ bí ẹ̀wà tó bọ́ nínú èèpo. Ṣòkòtò rẹ̀ kọ́ ìdí àga, kò bá a lọ. Kọ́tìnnì fèrèsé ni wọ́n fi wé e délé. Ìyàwó rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì lọ bu oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Ọ̀gá tiwa tiẹ̀ bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ fún ẹ̀tẹ́.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ ipò ọ̀gá àgbà. Wọ́n gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lé Anti Ayàwòrán lọ́wọ́. Akọ̀wé lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ó ti fúyẹ́, Anti sì ní kí ó mú téèpù wá, kí ó wọn gbogbo fèrèsé, òun á sì wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tiwa náà rí iṣẹ́: wọ́n fi ṣe alábòójútó ilé tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí, lẹ́yìn ilé ìdáná. Kí oṣù náà tó parí, ó ti gbé pátákó kan kọ́ síbẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó nígboyà láti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí àlejò. Ọ̀sán ni, oòrùn ń gba fèrèsé wọlé. Pátákó ti kúrò lára ìlẹ̀kùn, ti kúrò lára ère. Àwọn ọmọ wà lórí ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ìka tọ ère ẹ̀yìn àga láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sẹ́ni tó lé e. Lára ògiri ni wọ́n to àwòrán ọjọ́ náà sí. Ọ̀gá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú òmíràn, gáùn nìkan ló wà pẹ̀lú orí kékeré. Nínú òmíràn, ó jọ ọ̀pọ̀lọ́.

Ó wá dé iwájú ti ọmọbìnrin náà. Òun gan-an ni, kò sí àbùkù kankan tí ọmọ náà fi kún un: ọkùnrin sísanra kan, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì wà lókè, tí wọ́n tóbi ju gbogbo nǹkan yòókù lọ, tí kò sì sí ohun tí wọ́n lè dì mú. Kò mọ̀gbà tí ó na ìka sí ojú tó wà nínú àwòrán náà.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Sẹ́kúríìtì ni, ó jókòó sórí àga tirẹ̀ báyìí.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ó ní, “ẹ má fọwọ́ kàn án. Pẹ́ńsù ni, kíá ló máa ń pa rẹ́.”

Ọ̀gá fa ìka rẹ̀ padà. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ara rẹ̀, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.